Àtìlẹ́yìn fún ẹbí tó ń tọ́jú aláìsàn dìmẹ́ńṣíà

Dìmẹ́ńṣíà máa ń jẹ́ kí iyè ra débi pé àgbàlagbà lè gbàgbé orúkọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ló sábà máa ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, tọ̀sán-tòru, títí yóò fi rẹ àwọn náà. Ọ̀kan lára àwọn ètò ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n wádìí dáadáa ni èyí tí Mary Mittelman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì New York lọ́dún 1987. Ìjókòó ìgbaninímọ̀ràn mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: méjì fún olùtọ́jú nìkan, mẹ́rin fún òun àti mọ̀lẹ́bí. Aláìsàn kì í sí níbẹ̀, kí oníkálukú lè sọ tinú rẹ̀. Ìjókòó ẹbí yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí ibẹ̀ ni àwọn yòókù ti ń gbọ́ ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ń fara dà. Lẹ́yìn náà, olùtọ́jú á wọ ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, ó sì lè pe olùdámọ̀ràn lórí fóònù nígbàkígbà. Èsì ọdún 2006, lórí olùtọ́jú 406 tí ọkọ tàbí ìyàwó wọn ní àrùn Alzheimer, tó jẹ́ irú dìmẹ́ńṣíà kan, fi hàn pé ètò náà fi nǹkan bí ọjọ́ 557 sún gbígbé aláìsàn lọ sílé ìtọ́jú arúgbó síwájú.