Ọ̀dà àti Ìbọn: Bí Àwọn Ayàwòrán Wa Ṣe Dá Alágbára Lóhùn

Ní oṣù May 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú nínú Ogun Ìmàgbọ̀n. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan, Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní 1882, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Bó ṣe ń dàgbà, ó gbọ́ tí àwọn aṣẹ́gun ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kó jọ ojú ènìyàn. Ọwọ́ ló fi dá wọn lóhùn. Ní 1906, ó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó. Ní 1920, ó wọkọ̀ lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ náà sí i. Nígbà tó padà dé, ó ń kọ́ni láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó, ó sì ń rọ ìjọba láti wá olùkọ́ kún un. Ní 1927 ni wọ́n mú Kenneth Murray wá. Ọ̀kan nínú àwọn tí Murray kọ́ ni Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha.

Akínọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, gbé ìjà náà wọ inú ìwé ìròyìn. Láti 1944 ló ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún West African Pilot, ìwé ìròyìn Azikiwe, ajàfómìnira. Ẹni tí kò mọ̀wé kà náà rí àwọn amúnisìn níbẹ̀, ó sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òmìnira dé, a rò pé ìjà ti tán. Àmọ́ ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ láàárín ìjọba Nàìjíríà àti Biafra, ilẹ̀ tó yapa, ní 1967, kò sì parí títí di 1970. Enwonwu ya Storm over Biafra ní 1972 láti fi ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ifẹ̀ ti gbà á ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1971, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn àwòrán Tutu, ti ọmọ ọba Ifẹ̀ kan, Adétutù Adémilúyì, ní 1973. Ọmọ Ìgbò ló gbé ọmọ Yorùbá ga bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ogun kò tíì gbẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àwòrán Tutu ní àmì ìlàjà. Ní 2018, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwọn àwòrán Tutu ní London ní owó tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Lẹ́yìn ogun náà, àwọn ológun tó ti gba ìjọba kò kúrò lórí oyè. Ní 1974, Lemi Ghariokwu, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ya èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù Alagbon Close fún olórin Fẹlá: Fẹlá já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹja ńlá sì ń dojú ọkọ̀ ojú omi ọlọ́pàá dé. Owó rẹ́kọ́ọ̀dù kan péré ti tó láti gbé àwòrán náà wọ yàrá ẹni.

Rògbòdìyàn 1966, tí wọ́n fi pa àwọn Ìgbò ní Àríwá, lé ayàwòrán Obiora Udechukwu, ọmọ Ìgbò, kúrò ní Zaria. Ní Nsukka, ó gba ọnà uli tí àwọn obìnrin Ìgbò ń yà sí ara àti ògiri, ó fi ya àwọn tí ogun lé kúrò nílé àti àwọn olóṣèlú tó ń jẹ ìlú run. Ní 1993, ọdún tí Babangida, olórí ìjọba ológun, fagi lé ìbò ààrẹ June 12, ó ya Our Journey. Ní 1997, nígbà ìjọba ológun Abacha, ó kọjá sí Amẹ́ríkà láti máa kọ́ni níbẹ̀.

Kò sí èyí tó lé ológun kúrò lórí oyè nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé irọ́ aláṣẹ kò dá jókòó nínú ìtàn wa. Àwọn kan nínú àwọn ayàwòrán náà sì ní olùkọ́ tó kọ́ wọn kí ó tó rí bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì Táí Ṣólàrín, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ wa, wà ní Ìjagun, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú kan náà tí Ọnàbólú ti wá. Orúkọ ọkùnrin tí ìjọba ológun tì mọ́lé láti 1984 títí wọ 1985 nítorí àtakò rẹ̀ ló ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ẹ má ṣe ka àwòrán yíyà sí eré ọwọ́dilẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa.