Àìgba Ọlọ́run Gbọ́ láàrin Ọmọ Yorùbá

Àìgba Ọlọ́run gbọ́ ni èrò ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìwàkiwà, kì í sì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Abọ̀rìṣà tí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ń pè ní kèfèrí gbà pé Olódùmarè ń bẹ. Ọ̀nà tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tí àyọkà yìí dá lé lórí ni ẹni tó ní kò sí ẹnikẹ́ni lókè tó ń gbọ́ àdúrà, tàbí tó ní kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí.

Ní Òkèlúsè, ní Ìfọ́n, títí dé Ọ̀wọ̀, àdúrà ni ìkíni. Béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ Ọlọ́run ni yóò fi dá ọ lóhùn. Bí àgbà bá ṣàdúrà, ìdákẹ́ ẹni tí kò ṣe àmín ni gbogbo ilé máa ń gbọ́. Ẹni tí kò gbàgbọ́ a máa bá wọn ṣe àmín kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti ka irú wọn.

Ìdí tí wọ́n ń sọ pọ̀. Ẹ̀rí ni ti àwọn kan: wọn kò rí i, wọn kò sì gbà pé àlá àti iṣẹ́ ìyanu tó ẹ̀rí. Àwọn mìíràn ka ìwé Darwin lórí bí ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, tó jáde ní 1859, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ẹlòmíràn, agbo ilé rẹ̀ ló fà á: bàbá jẹ́ ààfáà, ẹ̀gbọ́n jẹ́ pásítọ̀, bàbá àgbà ń dáfá, kálukú ní tòun ni òtítọ́. Ìwà àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n sì máa ń fi ṣe àwíjàre jù. Lójú tèmi, ìdí tí ènìyàn fi ń kúrò nínú ìjọ nìyẹn, kò tó ìdí láti sọ pé Ọlọ́run kò sí.

Ìyà aláìṣẹ̀ ló ṣòro jù láti dáhùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa ènìyàn bí 40, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìsìn ni àwọn tí wọ́n pa wá ṣe. Onígbàgbọ́ á ní àdììtú Olódùmarè ni. Ẹni tí kò gbàgbọ́ á ní bó bá lágbára tí kò gbà wọ́n, àánú rẹ̀ dà? Ìbéèrè yìí ti wà ní Gíríìsì kí wọ́n tó bí Jésù. Ṣùgbọ́n kí a má ṣi ọ̀rọ̀ mú: ẹni tó ń sunkún tó ní “Ọlọ́run, níbo lo wà?” ṣì ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀.

Nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kò gba Ọlọ́run gbọ́, Tai Ṣólàrín, olùkọ́ àti òǹkọ̀wé, ni orúkọ rẹ̀ ń dún jù. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1922. Nígbà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní kí wọ́n yọ àdúrà àti orin ìsìn kúrò nínú ètò ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, ó fipò sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kìn-ín-ní 1956, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí ìjọ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ nígbà náà a máa roko ohun tí yóò jẹ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀, ṣòkòtò péńpé kákí àti fìlà ló máa ń wọ̀. Ìjà rẹ̀ kì í ṣe ti ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan. Ó kórìíra kí ènìyàn dúdú kúnlẹ̀ máa retí iṣẹ́ ìyanu nígbà tí ọkọ́ wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún tuntun 1964, nígbà tí gbogbo ilé ń tọrọ kí ọ̀nà tẹ́jú, ó kọ ọ́ sínú Daily Times pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun rí gbágungbàgun. Ta ni yóò ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Ó kú ní 1994.

Wọlé Ṣóyínká, òǹkọ̀wé tí ìyá rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ paraku ní Aké, Abẹ́òkúta, gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé ní 2014 lọ́wọ́ àwọn humanist, ìyẹn àwọn tó fi ire ọmọ ènìyàn ṣe ìpìlẹ̀ ìwà dípò àṣẹ ọ̀run. Síbẹ̀ òrìṣà Ògún kò kúrò nínú ìwé rẹ̀, nítorí náà kò rọrùn láti kà á mọ́ ẹgbẹ́ Ṣólàrín.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹbí ló ń ṣe ìdájọ́ ẹni tí kò gbàgbọ́: ìyá á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wòlíì, àna á ní òun kò fi ọmọ fún aláìlẹ́sìn. Nínú òfin, abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún oníkálukú ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Ní Kano, lókè Ọya, ọ̀rọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú Mubarak Bala, ààrẹ ẹgbẹ́ Humanist Association of Nigeria, ní oṣù kẹrin 2020 lórí ohun tó kọ sórí Facebook. Ní oṣù kẹrin 2022, ilé ẹjọ́ gíga Kano rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 24. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí ọdún 5 ní 2024.