Àwọn Asùnta Ìdó

Bí a bá ti kọ kóòdù tán ní Yábà lálẹ́, Ìdó la máa ń gbà kọjá lọ sílé. Ẹ̀yin náà á ti rí wọn: páálí nílẹ̀, aṣọ lórí. "Ọ̀lẹ ni wọ́n jàre," ọ̀kan nínú wa sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí àwa náà ò mọ ìtàn ibẹ̀.

Láti Ìdó ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin lọ sí òkè lọ́dún 1896. Ní 1901, ó ti dé Ìbàdàn, afárá Carter sì ti so Ìdó mọ́ Erékùṣù Èkó. Ẹni tó bá wọ rélùwéè wá Èkó, Ìdó ló ń sọ̀. Tó bá ní ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, á rọra fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá lọ bá wọn. Agboolé ò kì í kún jù: ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, ẹní wà.

Ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní ó ti há jù, ó sì dọ̀tí. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Súrúlérè. Peter Marris tó ṣèwádìí lórí rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé oníbàárà jìnnà sí àwọn oníṣòwò, owó ọkọ̀ wọ́n, mọ̀lẹ́bí sì fọ́n ká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé ò bá wọn lọ. Ní July 1990, ó kan Màrókò: nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n ní wọ́n lé kúrò níbẹ̀. Ní 2024 ńkọ́? Ìjọba Èkó bá yàrá 86 lábẹ́ afárá Dolphin ní Ìkòyí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ń san nǹkan bí 250,000 náírà lọ́dún. Ọ̀lẹ wo ló ń san owó ilé lábẹ́ afárá?

Búrẹ́dì la kọ́kọ́ ń rà fún alábàárù kan ní Ìdó. Nígbà tó yá la tó bi í léèrè ohun tó fẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣeun o. Ilé tówó mi ká, Ìkòròdú ni. Kí n tó dé láàárọ̀, ẹrù ti tán."

Àwa mẹ́rin dáwó. Bàbá onílé kan ní Ẹbúté Mẹ́ta ní ọdún méjì lòun ń gbà, yàtọ̀ sí owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn. A sọ fún un pé òfin ilé gbígbé ti Èkó ọdún 2011 ò gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ lọ sùn sínú òfin yín." Ìyá onílé kan ló padà gba ti ọdún kan.

Nígbà tí a yà kí alábàárù wa kẹ́yìn, èèyàn mẹ́ta ló ń sùn nínú yàrá náà. Ìdó ló ti kó àwọn méjì yòókù wálé.