Ọ̀wẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà: Bí Ọ̀gbẹ̀rì Ṣe Ń Wọ Iṣẹ́ Open Source

Láyé àtijọ́, bí iṣẹ́ oko bá pọ̀ ju agbára àgbẹ̀ kan lọ, yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna yóò gbé ọkọ́ wọn, wọn yóò sì ya bo oko náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì mọ ebè kọ kì í torí èyí jókòó sílé. Yóò pọn omi, yóò kó koríko, yóò máa wo ọwọ́ àwọn àgbà, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi mọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹ̀rì ṣe ń di àgbẹ̀.

Irú ọ̀wẹ̀ yìí ni a fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ayé ń lò lónìí. Open source ni wọ́n ń pè wọ́n: gbangba ni kóòdù wọn wà, ẹnikẹ́ni ló lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹun kò kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n wá fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ta ni mo jẹ́? N kò tíì mọ̀ tó." Ìbẹ̀rù yìí ni mo fẹ́ fi ìtàn dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun ta ilé ìwádìí kan lọ́rẹ ní MIT, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí Richard Stallman ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé a máa há sínú ẹ̀rọ náà. Stallman ti tún ètò ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe rí, kí ó lè máa ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ bí ìwé bá há. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tuntun, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ kò bá a wá. Nígbà tí ó lọ bá onímọ̀ kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ẹni tí kóòdù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, onítọ̀hún kọ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Stallman wọ akínyẹmí ara. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ó kéde iṣẹ́ GNU, ó sì ké sí ará ayé pé kí wọ́n wá bá òun kọ ọ́. Ní ọdún 1989, ìwé àṣẹ GPL jáde. Ohun tí ìwé náà wí ni pé ẹni tó bá tún irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe, tí ó sì pín in, kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní Helsinki, olú-ìlú Fínlándì, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 21 kan ń dá kọ ètò tirẹ̀. Linus Torvalds ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ó kọ̀wé lórí ayélujára sí àwọn tó ń lo ètò kan tí à ń pè ní Minix. Ó ní iṣẹ́ ìgbafẹ́ lásán ni òun ń ṣe, kò lè di bàbàrà. Ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò fẹ́ rí nínú rẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ó gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án jẹ́ nǹkan bí ìlà kóòdù 10,000 péré. Bọ́tìnì ìtẹ̀wé àwọn ará Fínlándì nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tó bá ń lo bọ́tìnì Jámánì tàbí ti Faransé lè tẹ lẹ́tà kan kí òmíràn jáde.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Lára àwọn tó kọ́kọ́ ran Torvalds lọ́wọ́, ẹnì kan tún bọ́tìnì ṣe fún èdè Jámánì, ẹnì kan fún Faransé, ẹnì kan fún ti Amẹ́ríkà. Kí ọdún 1991 tó parí, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú ètò náà, Torvalds sì kọ orúkọ wọn sínú kóòdù láti fi dúpẹ́. Kódà, orúkọ tí ètò náà ń jẹ́, alárànṣe ni ó sọ ọ́. Freax ni Torvalds fẹ́ pè é. Ari Lemmke, tó fún un ní àyè lórí ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ti lè gbà á, ni ó pe àyè náà ní Linux. Lónìí, Linux ni ìpìlẹ̀ fóònù Android. Bóyá òun ni ó wà lọ́wọ́ yín bí ẹ ti ń ka èyí.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò dúró di ìgbà tí wọ́n bá mọ gbogbo kóòdù tán. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu nínú èdè tiwọn ni wọ́n tún ṣe.

N kò ní purọ́ pé ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ímeèlì ni wọ́n fi ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ nígbà náà, bí àtúnṣe bá sì kù díẹ̀ káàtó, ọ̀rọ̀ líle lè tẹ̀ lé e ní gbangba. Torvalds fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó tọrọ àforíjì, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn oníṣẹ́ Linux sì gba ìlànà ìwà tuntun wọlé.

Ti àwọn obìnrin tún yàtọ̀. Ní ọdún 2005, Google dá Summer of Code sílẹ̀, láti máa san owó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe iṣẹ́ open source nígbà ìsinmi. Ní ọdún 2006, àwọn oníṣẹ́ GNOME ṣàkíyèsí pé kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀wé sí wọn lábẹ́ ètò yìí. Wọ́n ṣí ìpè mìíràn sílẹ̀ fún obìnrin nìkan lọ́dún kan náà, àwọn obìnrin sì jẹ́ ìpè náà. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ iṣẹ́. Kò sí ẹni tó yà wọ́n sọ́nà ni. Ìpè yẹn ni ó dàgbà di Outreachy tí a mọ̀ lónìí.

Irinṣẹ́ pẹ̀lú ti yí padà. Torvalds kọ Git ní ọdún 2005. GitHub sì dé ní ọdún 2008, tí ọ̀gbẹ̀rì fi lè mú ẹ̀dà iṣẹ́ kan, kí ó tún un ṣe ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ó tó gbé e wá síwájú àwọn alábòójútó. Nílé wa níbí, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá Open Source Community Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018, wọ́n sì kó àwọn oníṣẹ́ jọ sí Èkó fún àjọ̀dún ní oṣù kejì ọdún 2020. YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ lórí ayélujára, fi kóòdù rẹ̀ sí gbangba pẹ̀lú.

Báwo wá ni ọ̀gbẹ̀rì yóò ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí ó mú ètò tí òun fúnra rẹ̀ ń lò, nítorí ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Kí ó ka ìwé àlàyé àti ìlànà ìkópa rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Lórí GitHub, ọ̀pọ̀ alábòójútó máa ń fi àmì "good first issue" sí iṣẹ́ tó bá ọwọ́ ẹni tuntun mu. Kí ó mú ẹyọ kan, kí ó sì sọ pé òun ti mú un, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é ní àṣetúnṣe. Ẹni tí kò mọ kóòdù kọ lè tún gbólóhùn tó wọ́ ṣe, ó lè túmọ̀ ètò sí Yorùbá, ó lè ṣàlàyé àṣìṣe tó rí yékéyéké. Bí wọ́n bá dá iṣẹ́ rẹ̀ padà, kí ó tún un ṣe, kí ó tún gbé e wá. Bí wọn kò bá tètè dáhùn, kí ó rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yọ̀ǹda àsìkò ara wọn ni.

Iṣẹ́ kò tíì tán fún àwa gan-an. Títí di òní, àwọn ètò kan wà tí àmì ohùn wa ń já bọ́ lórí lẹ́tà nínú wọn, tí ọkọ́ àgbẹ̀ fi ń di ọkọ ìyàwó. Ẹni tó ń lo bọ́tìnì Jámánì kò dúró kí ará Fínlándì wá bá òun tún tirẹ̀ ṣe ní ọdún 1991. Ta ni àwa ń dúró dè? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀wẹ̀ ti wà lóko. Ẹ gbé ọkọ́ yín.