Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ibùsùn: Èdè Àwọn Tó Ń Mú Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Bọ̀ Sípò

Lọ́dún 1947 ni ilé-iṣẹ́ Chevrolet ní Amẹ́ríkà gbé irú píkọ́ọ̀pù kan jáde tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń wá kiri títí dòní. Ó di 1955 kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Orí ọkọ̀ náà rí roboto, sílíńdà 6 tó tò tẹ̀ léra ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ ti fóòtì 6, kì í ṣe 12 tí ọkọ̀ òde òní ń lò. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni wọ́n pè ní 3100. Ohun tó máa ń ya ẹni tó kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ni ẹ̀yìn rẹ̀: pákó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n tò ó ní gígùn láti ìdí orí ọkọ̀ dé ibi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀pá irin pẹlẹbẹ wà láàárín pákó kan sí ìkejì, bóòtù sì dè é mọ́ irin ìdábùú tó wà nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe yóò kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbi ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí gan-an. Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún un náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ibi tí èèyàn ń sùn sí. Ẹni tó bá gbé ìwé atúmọ̀-èdè lé itan, tó ń tú ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò kọ “ibùsùn ọkọ̀”, kò sì sí awakọ̀ kan láti Ìbàdàn dé Kétu tí yóò mọ ohun tó ń wí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Alábàárù tó ń kó iṣu lọ́jà kì í wá ọ̀rọ̀ kiri kó tó ké sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.” Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Bí a bá fẹ́ dárúkọ pákó tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, “pákó ilẹ̀ ẹ̀yìn” ti tó.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, orí omi ló ti wá. Ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ tù ni àwọn àgbà mọ̀. Nígbà tí ti orí ilẹ̀ dé, wọ́n fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfurufú sì jáde. Wọ́n gbọ́ ìró, wọ́n sọ ọ́ ní alùpùpù àti katakata. Wọ́n wo ìṣesí, wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní ti ilé ìwé, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí Babs Fafunwa ṣagbátẹrù rẹ̀, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń lò nínú ẹ̀kọ́ kan, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ti Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀ lé e ní 1990. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé méjèèjì dá lé. Ọgbà mẹkáníìkì kò sí níbẹ̀.

Ọgbà mẹkáníìkì náà kò sì dákẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń dún, pé ọkọ̀ ń jẹ epo, pé ọkọ̀ kọṣẹ́. Pánẹ́bítà ń fi pútì dí ibi tó tẹ̀ wọnú, rewáyà ń wá ibi tí wáyà ti já, wẹ́dà ń jó irin mọ́ irin. Àwọn kan gbà pé bóòtù, nọ́ọ̀tì, kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì kì í ṣe Yorùbá, pé ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò wọn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọṣẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, tí ọ̀gá náà gbọ́ lẹ́nu ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti jókòó sínú èdè. Níbi tí àlàfo bá wà gan-an ni kí a ti dá tuntun.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ onípákó pàápàá kì í ṣe nǹkan òkèèrè. Lọ́rì akérò àtijọ́ tí à ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà ńkọ́? Láti Ìlú Ọba ni ẹ́ńjìnnì àti ṣáṣí rẹ̀ ti wá. Káfíńtà ilẹ̀ wa ló kan ara rẹ̀, láti ilẹ̀ dé òrùlé. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Bedford, ìbátan tímọ́tímọ́ sì ni Bedford àti Chevrolet. General Motors tó ni Chevrolet ló ra Vauxhall ní Ìlú Ọba lọ́dún 1925, Vauxhall yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bedford lọ́dún 1931, láti ara lọ́rì Chevrolet tí General Motors ti ń tò pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Káfíńtà tó kan ilẹ̀ bọ̀lẹ̀kájà ti fọwọ́ kan gbogbo ìṣòro tí ẹni tó ń tún píkọ́ọ̀pù 1947 ṣe ń bá pàdé: pákó tó ń wú lásìkò òjò, bóòtù tó ń jẹrà nínú ihò rẹ̀, ẹrù tó ń họ ojú igi. Òun ló yẹ kí ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ bi léèrè.

Nínú ọ̀rọ̀ igi, Yorùbá ti fún Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan. Àwọn tó ń ta pákó ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ ìrókò, ìdígbó, àbúrà, afárá àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ sínú ìwé ọjà wọn, láìsí àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí gbogbo oníṣòwò mọ̀. Wọn kò túmọ̀ wọn. Ìyẹn náà tó láti mú ọkàn ẹni tó ń yá orúkọ igi òkèèrè bí “óákù” àti “páìnì” wọlé balẹ̀.

Àlàfo kìíní ni orúkọ iṣẹ́ náà lápapọ̀. “Àtúnṣe” gbòòrò jù. Bí mẹkáníìkì bá yọ bátìrì fóòtì 6, tó tún wáyà ọkọ̀ náà fà fún fóòtì 12, àtúnṣe ni, ọkọ̀ náà á sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn kan ń lé ni kí ọkọ̀ náà padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé-iṣẹ́, títí kan irú bóòtù tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ni “ìmúbọ̀sípò”. Èyí tí ènìyàn kàn fẹ́ kó dára lójú, kó sì lágbára, ni “ìsọdọ̀tun”. Ìyàtọ̀ yìí wúlò gan-an níbi pákó. Igi páìnì lásán ni Chevrolet lò, torí ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Óákù tó ń dán gbinrin tí a ń rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí lónìí, ìsọdọ̀tun ni, kì í ṣe ìmúbọ̀sípò. Ẹni tó ní ọkọ̀ ló mọ èyí tó wù ú, àmọ́ kó mọ èyí tó ń ṣe.

Ti irin rọrùn díẹ̀. Èdè ní dógùn-ún, ó ní dípẹtà, ó tún ní ìpáàrà tí àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun kan náà ni gbogbo wọn. Ó yẹ kí iṣẹ́ yìí pín wọn. Kí a lo “dógùn-ún” fún èyí tó ṣì wà lójú irin, tí búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà lè họ kúrò, tàbí tí ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì lè sọ di èèpo dúdú tó ń dáàbò bo irin. Kí a fi “ìpáàrà” sílẹ̀ fún èyí tó ti jẹ irin dé òdìkejì, tí kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí wẹ́dà gé e kúrò, kó jó tuntun mọ́ ọn.

Ọ̀pá irin pẹlẹbẹ àárín pákó kò ní orúkọ tó mú dáadáa. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń bo àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ kí pákó lè rí ibi fẹ̀ sí, ó sì ń tẹ etí pákó méjì mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà gbéra. Láti inú “di pákó mú”, “adipákómú” jáde nírọ̀rùn, bí asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe jáde. Ó ṣeé pè, ó sì ṣeé ké sí ọmọṣẹ́ pé kó lọ gbé e wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni kíkun pákó náà. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò níbẹ̀ jọ “ìparí”, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó parí. Yorùbá pín ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó pọ̀. Èyí tó ń dúró lójú igi bí awọ, kíkùn ni, a sì lè pe iṣẹ́ náà ní “ìkùndán”: fáníìṣì wà níbẹ̀. Èyí tó ń wọ inú igi lọ, pípa ni, bí a ṣe ń fi òróró pa ara. “Ìpalóróró” bá a mu. Òróró kan wà tí wọ́n ń fún láti ara hóró irúgbìn tí aṣọ ọ̀gbọ̀ ti ń wá, òmíràn wà tó ń wá láti ara èso igi kan ní Ṣáínà. Méjèèjì ni àwọn oníṣẹ́ igi ń lò.

Àwọn òróró yìí ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí kò péye lè jó ilé. Bí a bá ní wọ́n “ń gbẹ”, olùkà á rò pé ṣe ni wọ́n ń fẹ́ lọ bí omi lára aṣọ tí a sá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń dì, bí wọ́n sì ṣe ń dì ni ooru ń jáde lára wọn. Àkísà tí a fi nu òróró yìí, tí a ká jọ sí kọ̀rọ̀ kan, ń pa ooru náà mọ́ra títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. Nítorí náà, “dì” ni ọ̀rọ̀ tó tọ́. Kí a tẹ́ àkísà náà sílẹ̀ gbalaja níta títí tí òróró ara rẹ̀ yóò fi dì, tó yigbì, tàbí kí a rì í sínú omi nínú agolo onídérí.

Ẹnu pákó náà nílò orúkọ. Ojú ibi tí ayùn ti gé igi já ń mu omi ju ìbú rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni jíjẹrà sì ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. “Ẹnu pákó” yẹ ẹ́, torí ibẹ̀ ló fi ń mumi. Òun ni kí a kọ́kọ́ kùn, kí a kun abẹ́ pákó pẹ̀lú, kí a tó dè é mọ́ ọkọ̀; kí a fi tápẹ́ńtáìnì la fáníìṣì àkọ́kọ́ kó lè wọlé, kí a sì fi sáńdípépà pa ojú rẹ̀ kí èyí tó tẹ̀ lé e lè dì mọ́ ọn. Fáníìṣì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ló dára jù fún un. Òróró pọ̀ nínú rẹ̀, ó rọ̀, kì í là nígbà tí pákó bá wú tàbí tó súnkì.

Àwọn káfíńtà tó kan bọ̀lẹ̀kájà ti dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, ẹ bi wọ́n ní orúkọ gbogbo pákó, bóòtù àti irin tí wọ́n fọwọ́ kàn, kí ẹ sì kó o fún ẹ̀ka èdè Yorùbá ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín jù. Bí wọ́n bá ti ní orúkọ tó dára ju adipákómú lọ, tiwọn ni kí a lò.