Òkè, Òkúta àti Omi: Ìtàn Tí Ó Yí Ìlọrin Ká

Bí a bá dárúkọ ibi ìyanu tí ó yẹ kí ènìyàn lọ fi ojú rí, ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa a máa fò lọ sí òkè òkun. Àwọn tí wọ́n ti ka ìwé nípa ilẹ̀ Faransé yóò ti gbọ́ nípa Briançon, ìlú kan tí ó wà láàárín àwọn òkè Alps. Odi ńlá yí i ká, Vauban sì ni ẹni tí ó ṣe ètò odi náà ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kí ọ̀tá má baà gba àárín òkè wọlé. Ní 2008, àjọ UNESCO fi odi yìí àti àwọn mìíràn tí Vauban kọ́ sí ara ogún gbogbo àgbáyé. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ kò ní láti méfò. Orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ìdí rẹ̀ àti ìgbà tí a kọ́ ọ wà nínú àkọsílẹ̀.

Àwa náà ní òkè, a ní òkúta, a sì ní omi tí ń já bọ́ láti orí àpáta. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n fún wa ni àkọsílẹ̀. Àwọn àgbà sì wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni èyí: nígbà tí a bá dúró níwájú ohun àtijọ́, tí baálé ilé sì ń pa ìtàn rẹ̀ fún wa, báwo ni a ó ṣe gbọ́ ìtàn náà? Ṣé kí a gbà á bí a ti sọ ọ́ ni, tàbí kí a dà á nù bí àlọ́? Èrò tèmi ni pé méjèèjì kò tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ní àdúgbò Ìdí-Àpẹ́, ní Ìlọrin níhìn-ín, òkúta kan wà tí a ń pè ní Òkúta Ìlọrin. Ìtàn sọ pé orí rẹ̀ ni àwọn ọdẹ ti ń lọ irin wọn kí ó lè mú, ibẹ̀ sì ni ìlú ti gba orúkọ. Àwọn mìíràn wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pé “ìlú erin” ni, nítorí erin tí ó pọ̀ ní agbègbè yìí nígbà kan rí. Èwo ni kí a gbà? Èdè fúnra rẹ̀ lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ìṣe “lọ̀” ni ó wà nínú “ọlọ” tí a fi ń lọ ata. Bí a bá fi irin tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ a di ohùn àárín: “lọ irin”. Bí a bá fi “ì-” sí iwájú, tí a sì pa fáwẹ̀lì “i” ti irin jẹ, Ìlọrin ni yóò jáde láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí a bá so ìlú pọ̀ mọ́ erin, Ìlérin ni a ó máa retí. A kò rí ọ̀nà tí “ọ” lè gbà wọlé. Èyí kò sọ pé erin kò rìn lórí ilẹ̀ yìí rí. Ohun tí ó sọ ni pé orúkọ ìlú ń tọ́ka sí òkúta.

Kí ni ó wá kàn wá nínú èyí? Ìlú onímọ̀ Kùránì ni gbogbo ayé mọ Ìlọrin sí, ìtàn Àfọ̀njá Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò àti ti Sheu Alimi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a sì sábà máa ń kọ́ àwọn ọmọ. Òkúta yìí ń sọ fún wa pé àwọn ènìyàn kan ti ń fi irin ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn níhìn-ín ṣáájú ìgbà náà. Àwọn kan a máa sá fún irú nǹkan báyìí nítorí ìsìn. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ka ìwé ìtàn kò bọ ìwé náà.

Láti ibẹ̀, ẹ gbé ojú sókè sí òkè Sóbì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Ìlọrin mọ àpáta yìí. Àwọn àgbà a máa sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń sá sí ní àkókò ogun. A kò ní ìwé tí ó ka orúkọ àwọn tí ó sá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà bá ohun tí a mọ̀ níbòmíràn mu. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibùdó ní 1830, nígbà tí ogun ti tú wọn ká. Orí òkè sì ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di ọ̀rúndún ogún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gun òkè, kí ó má ṣe wo bí ilẹ̀ ti lọ tó nìkan. Kí ó bi ara rẹ̀ pé: níbo ni ẹni tí ó sá gun orí òkè yìí yóò ti rí omi mu?

Bí a bá kúrò ní Ìlọrin tí a kọrí sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, a ó dé Òwá Kájọlà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Níbẹ̀ ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Òwu ti ń já bọ́ láti orí àpáta, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 120 mítà. Ìkùukùu omi a bo ènìyàn lójú, ìró rẹ̀ a sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn kan a máa fi yangàn pé kò sí èyí tí ó ga tó o ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá kọ èyí sínú ìwé rẹ̀, ẹ bi í pé ta ni ó wọn àwọn yòókù. Ẹwà omi náà kò ní dín kù bí a bá bèèrè ẹ̀rí.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kan náà ni Èsìẹ́ wà, níbi tí àwọn ère òkúta wà tí iye wọn ju 1000 lọ. Òkúta rírọ̀ tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni a fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, àwọn mìíràn ga ju mítà kan lọ. Ọkùnrin ń bẹ níbẹ̀, obìnrin ń bẹ níbẹ̀. Àwọn kan jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú ohun èlò orin lọ́wọ́, àwọn kan mú ohun ìjà, obìnrin pàápàá sì wà lára àwọn tí ó mú ohun ìjà. Ọ̀pọ̀ ni ó ti fọ́. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń ṣe ọdún wọn, kí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., tó ròyìn wọn fún ìjọba ní 1933. Ní 1945 ni a dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu wí pé àlejò ni àwọn ère wọ̀nyí nígbà kan rí, pé wọ́n ṣẹ̀, a sì sọ wọ́n di òkúta. Àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì lórí ohun amọ̀ tí a hú níbẹ̀ ń tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Ẹni tí ó bá yára yóò ní ìtàn náà ti parọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún un gbọ́. Àwọn tí ó ń pa ìtàn náà kò sọ pé bàbá àwọn ni ó gbẹ́ ère. Wọ́n ní àlejò ni, wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyanu yẹn, ẹ̀rí òtítọ́ kan fara sin, èyíinì ni pé àwọn tí ó ń tọ́jú ère náà kò ka ara wọn sí ẹni tí ó ṣe é. Sáyẹ́ǹsì sọ ìgbà, àrọ́bá sọ ìbátan.

Irú rẹ̀ kan náà wà ní Tada, abúlé àwọn Nupe ní etí odò Ọya. Ère bàbà kan tí ó jókòó, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 54 sẹ̀ǹtímítà, wà ní abúlé yẹn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn Nupe sọ pé Tsoede ọba wọn ni ó gbé e wá láti Ìdàh, ìgbà ayé Tsoede ni a sì máa ń kà sí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn onímọ̀ rí ọwọ́ ọ̀nà Ifẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì kà á sí iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹrìnlá. Nígbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ará abúlé máa ń gbé e lọ sí odò, tí wọn a fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Yanrìn yẹn ti jẹ lára rẹ̀, àwọn kan a sì máa kẹ́dùn nítorí èyí. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí ó ń fọ̀ ọ́ yẹn náà ni ó pa á mọ́ láti ìran dé ìran.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyí. Láti 1979 ni òfin ti dá àjọ sílẹ̀ tí ń ṣe ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà. Òfin lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ère, kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ìtàn. Bí arúgbó kan tí ó mọ orúkọ kòtò tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè bá kú, kò sí àjọ tí yóò bá wa wá orúkọ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún kó ọmọ lọ wo ibi àtijọ́, ẹ mú ìwé àti gègé dání. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pè é. Ẹ kọ ẹni tí ó sọ ìtàn, àti ẹni tí ó sọ ọ́ fún òun náà. Bí ìtàn méjì bá tako ara wọn, ẹ kọ méjèèjì, ẹ má ṣe bá wọn parí ìjà. Ẹ sì kìlọ̀ fún ọmọ kí ó má ṣe mú èérún òkúta kan bọ àpò, nítorí ojú ewé ìwé ni ó ń ya yẹn. Ìwé náà kò sì ní ẹ̀dà kejì.