Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé: Ìwádìí lórí Bí Ará Oko Ṣe Ń Rí Ìtọ́jú Gbà ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ogun Kírìjí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, nítorí àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 tó parí ogun náà. Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà yẹ kó gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárín àwa tí à ń ṣèwádìí lórí ìlera ará oko.

Ní 1956 ni David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá láti ìgbèríko. Morley kò jókòó dè wọ́n. Òun àtàwọn nọ́ọ̀sì tọ àwọn ìyá lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń tẹ̀ lé ìdàgbàsókè ọmọ láti ìgbà ìbí, wọ́n sì dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, ì báà ṣe aláìsàn tàbí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Níbẹ̀ ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti gbilẹ̀. Oṣù ọjọ́ orí ọmọ wà nísàlẹ̀ káàdì, ìwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilà méjì sì ń gòkè lọ láàárín. Nọ́ọ̀sì á gbé ọmọ kọ́ sórí òṣùwọ̀n, á fi bírò sàmì síbi tí ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí. Bí àmì oṣù yìí kò bá ga ju ti oṣù tó kọjá lọ, ewu ti dé kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó joro. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń gbé, nínú ọ̀rá, nílé. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń lo irú rẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ agbègbè yìí náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi tí John Enders ṣe ní Amẹ́ríkà wò lára wọn. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1962. Nígbà tí olùwádìí kan, Nicholas Cunningham, fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé ìlú mìíràn tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ikú ọmọdé kéré sí i ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ẹ̀rí pé irú ìtọ́jú yìí ń ṣiṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí, 157 ló ń kú ní ìgbèríko kó tó pé ọdún márùn-ún, 92 ní ìgboro. Káàkiri orílẹ̀-èdè, ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ló wáyé nílé ìwòsàn.

Ní 1994, olùwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, ṣàlàyé pé ibi mẹ́ta ni ìdádúró ti ń pa aboyún: nínú ilé, lójú ọ̀nà, àti nílé ìwòsàn gan-an. Ẹni tó bá mọ abà kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á mọ̀ wọ́n. Aboyún á ṣì máa dúró de ọkọ tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò á rọ̀, ọ̀kadà ò ní lè gba ọ̀nà náà kọjá. Wọ́n á dé ilé ìtọ́jú lóru, wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Òṣogbo, ó wà ní Iléṣà, ṣùgbọ́n ẹni tó sún mọ́ wọn ló ń jẹ àǹfààní wọn jù. Julian Tudor Hart, dókítà ní Wales, ti sọ ọ́ ní 1971: ibi tí àìní ìtọ́jú ti pọ̀ jù ni ìtọ́jú ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù.

Àléébù kan wà tí mo rí nínú iṣẹ́ àwa olùwádìí. Ilé la máa ń kà. Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a sì máa ń béèrè bóyá ilé ìtọ́jú wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé kọ́ ló ń gbẹ̀bí, agbẹ̀bí ni. Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní agogo méjì òru? Èló ni ọlọ́kadà gbà, ta ló sì san án? Inú abà ni ká gbé ìbéèrè wọ̀nyí lọ, lọ́dọ̀ ìyá ọmọ fúnra rẹ̀. Ká bá a tú káàdì jáde nínú ọ̀rá, ká wo oṣù tí àmì ti dáwọ́ dúró, ká sì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù náà.